Ọṣẹ Ìfọyín Kì í Sùn Lábẹ́ Páànù

Ẹni tó bá fọ eyín tán tí kò dé ọmọrí ọṣẹ padà, kó má ṣe é lójú mi. Àgbà ti dé sí mi, síbẹ̀ àwọn ọmọ mi mọ̀ pé mo lè dìde nídìí oúnjẹ kí n lọ dé e. Wọ́n á ní, "Màmá, ọṣẹ lásán náà ni." Ọṣẹ lásán! Ọṣẹ lásán yẹn ló kù díẹ̀ kó dá mi padà sílé pẹ̀lú ìtìjú nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Kétu ni wọ́n ti bí mi. Kì í ṣe Kétu tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú o. Kétu Alákétu, ní ilẹ̀ tí Faransé ti jọba, tí wọ́n ṣì ń pè ní Dàhòmì láyé ìgbà náà. Obì ni ìyá mi ń tà. Ọjọ́ tí mo ń lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí iṣu tuntun tó jáde, n ó ti padà wá máa fẹ́ iná lẹ́yìn ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín sí i pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo gbé e dání wọ Èkó, ó sì wúwo ju ẹrù orí mi lọ.

Mo ti rò pé Yorùbá kan náà là ń sọ, pé ilé ni mo kàn ń ti ilé bọ̀. Irọ́ ni. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo kí ìyá kan tó ń sun àgbàdo bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Ó wo ẹnu mi, ó ní, "Ègùn lọmọ yìí?"

Mo ní, "Rárá o, mà. Ará Kétu ni mí."

"Ègùn náà ni."

Inú bí mi! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé ọmọ Odùduwà ni Alákétu, pé ilé wa àti ilé yín ọ̀kan ni. Ìyá náà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá ṣẹ́ àgbàdo kan sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Ó ní, "Gbà, jẹun. Ebi ló ń bínú yẹn." Òótọ́ ni, ebi ń pa mí.

Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ pa mí ní Èkó ni títì. Nígbà yẹn, ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ ọ̀tún ni. Mo dé Apọ́ngbọ̀n, mo wo apá ibi tí mo mọ̀ pé mọ́tò máa ń gbà wá, mo rí i pé ó ṣófo, mo bá kó sójú títì. Bíréèkì han lẹ́yìn mi. Dírébà yọrí síta, ó ní, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? You wan die?" Ojú mi ò fọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran ni. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo sunkún títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tí mo sun ún tán, mo nu ojú mi, mo dìde, mo rékọjá títì náà. Mo padà. Mo tún rékọjá. Mo ní títì kọ́ ló máa lé mi padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Alhaja Ràbí ni àwọn ará ìlú mi tó wà ní Èkó mú mi lọ bá, òun ló sì sọ mí ní Kétu. Opó ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Apọ́ngbọ̀n tó ti ń ta ọṣẹ, pọ́ńdà, ìpara àti ọṣẹ ìfọyín. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń gbé. Ìsàlẹ̀ ni yàrá tirẹ̀ wà, ògiri amọ̀ nípọn, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì tutù. Òkè, lábẹ́ páànù, ni wọ́n ń kó ọjà sí, torí bí òjò ńlá bá ti rọ̀, omi á wọ ìsàlẹ̀. Òkè náà lèmi ń tẹ́ ẹní mi sí, láàárín páálí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan, Dúpẹ́, ti wà ní ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú mi. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dáa. Òun ló ń mójú tó ọṣẹ ìwẹ̀ àti ìpara. Wọ́n fi pẹpẹ ọṣẹ ìfọyín lé mi lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. N kò tètè mọ̀dí.

Bàbá akọ̀wé kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ní Marina, ló jẹ́ kí n mọ̀dí. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ọṣẹ tó rà lọ́dọ̀ wa kalẹ̀, ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan tí ẹ tà fún mi." Ó tẹ̀ ẹ́ nídìí. Omi ló kọ́kọ́ jáde, tó ṣàn sórí tábìlì Alhaja. Lẹ́yìn náà ni nǹkan funfun kan bọ́ sílẹ̀, ó le, ó ń rún.

"Ẹfun lẹ tà fún mi, àbí ọṣẹ?"

Alhaja bẹ̀ ẹ́, ó sì fún un ní òmíràn. Ìyẹn náà, omi. Ìkẹta náà, omi. Bàbá dé fìlà rẹ̀, ó ní, "Alhaja, mo mọ̀ yín sí olóòótọ́ èèyàn o." Ó sì jáde. Ká ní ó bú wa ni, ìbá sàn. Alhaja jókòó, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ láìgbàdúrà.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣe ń ṣú ni Alhaja ṣe ìpinnu rẹ̀. Ó ní òun ò ta ọṣẹ ìfọyín mọ́. Ọ̀tun tó ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n máa gbé dé lọ́sẹ̀ yẹn, ìyẹn ló kẹ́yìn. "Bí a bá sì ti tà á tán, Kétu, n kò mọ iṣẹ́ tó kù tí mo fẹ́ gbé fún ẹ. Ọwọ́ Dúpẹ́ tó ìyókù."

Ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo rí. Mo rí eyín rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tí oòrùn mú lọ́jọ́ kejì, mo gun òkè lọ gbé páálí kan, mo gbọ́wọ́ lé e, mo sì fa ọwọ́ mi padà. Ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Mo jókòó ti páálí yẹn, òógùn bò mí, mo wá rántí yàrá ìyá mi. Obì ìyá mi máa ń lo oṣù mélòó kan láìbàjẹ́. Inú agbọ̀n ló ń wà, ewé lábẹ́, ewé lórí, nínú ìyẹ̀wù tí oòrùn ò dé. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló kọ́kọ́ ń jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, tuntun là ń kó síwájú nítorí ó ń dán, ẹ̀yìn ni ti àtijọ́ ń jókòó sí títí yóò fi kú. Àwọn tó sì wà nínú dígí, tí à ń fi ṣe fáàrí fún ẹni tó ń kọjá, oòrùn Apọ́ngbọ̀n ló ń fi wọ́n jẹun.

Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú Alhaja. "Ẹ dákun, mà, ẹ jẹ́ n tọ́jú ọ̀tun yìí bí obì."

"Bí kí ni?"

"Bí obì, mà. Nínú ìyẹ̀wù tó wà lẹ́yìn yàrá yín."

Dúpẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Wọn ò ní pẹ́ fi ọṣẹ ìfọyín sọmọ lórúkọ!"

Alhaja ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí. "Bí òjò bá dé ńkọ́?"

"Òjò ò tíì dé, mà."

"Ó dáa. Gbé e. Bí wọ́n bá tún bàjẹ́, wàá di ẹrù ẹ, wàá lọ bá ìyá ẹ ta obì. Bí wọn ò bá bàjẹ́, pẹpẹ yẹn di tìẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tọ́jú wọn bí obì lóòótọ́. Mo ra ewé gbòdògì lọ́jà, mo tẹ́ ẹ, mo to páálí lé e, mo fi ewé bò wọ́n. Nígbà tí ewé fẹ́ gbẹ, mo bu omi láti inú àmù, mo wọ́n ọn sí wọn. Mo ń yí wọn pẹ̀lú, bí ìyá mi ṣe ń yí obì, mo ń kọrin sí i. Inú mi dùn. Ọjọ́ tí mo ṣí ewé kí n lè kó díẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, òórùn kan kọ́kọ́ jáde kí mi. Gbogbo páálí tó fara kan ewé ti bu. Bébà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń bá ọwọ́ mi bọ̀.

"Sùbúhánálláhi!" Alhaja ló wà lẹ́yìn mi yẹn. "Kétu, o pa mí o! O ti sin ọjà mi!"

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò dúró. Mo ya páálí kan sọnù, mo fa ọṣẹ inú rẹ̀ yọ, mo nù ún mọ́ ìró mi, mo bọ́ ọmọrí rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìka mi. Ó jáde wọ́ọ́rọ́, ó funfun, kò sí omi, ó ń ta sánsán bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Mo ní, "Alhaja, ẹ wò ó. Aṣọ rẹ̀ ló bàjẹ́. Ara rẹ̀ le."

"Ta ló máa ra ọṣẹ tó wà ní ìhòòhò?"

"Ẹ jẹ́ n tà á, mà."

Mo kó wọn sínú àtẹ, mo fi aṣọ funfun bò wọ́n kí oòrùn má bàa rí wọn, mo gba Marina lọ. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ni mo ń dúró sí. Ẹni tó bá ní ayédèrú ni, n ó bọ́ ọmọrí, n ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìka mi, n ó fi fọ eyín mi níbẹ̀, n ó rẹ́rìn-ín sí i. Ojú tì mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ti ojú. Ọjọ́ kan ni bàbá akọ̀wé ọjọ́sí ń jáde. Ó dá mi mọ̀, ó sì fẹ́ kọjá. Mo dúró sọ́nà fún un. Mo ní, "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó tún padà mú èkejì fún ìyàwó rẹ̀. Mo ta gbogbo àwọn tó wà ní ìhòòhò tán. Alhaja ka owó náà, ó sì ní kí wọ́n tún gbé ọ̀tun mìíràn wá. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún. A máa ń rán àwọn oníṣòwò tó ń lọ tó ń bọ̀ síra wa, pé lọ́jọ́ báyìí kí ìyá mi dúró ní posófíìsì Kétu. Èmi náà á lọ jókòó ní posófíìsì ńlá tó wà ní Marina, n ó máa retí kí wọ́n fi okùn tẹlifóònù kan okùn láti Èkó dé Kutonu, láti Kutonu dé ọ̀dọ̀ wa. Ohùn ìyá mi á dé bí ẹni wà nísàlẹ̀ kànga.

Mo ròyìn ewé, mo ròyìn omi.

Ó ní, "Obì ń mí, ọmọ mi. Ìdí tó fi ń fẹ́ omi nìyẹn. Ọṣẹ tìẹ, ṣé ó ń mí?"

Mo ní, "Kò mí, Ìyá mi."

"Kí lo wá ń fún un lómi sí?" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Níbo lo ń sùn? Ṣé ibẹ̀ tutù?"

Mo dá a lóhùn kíá. "Ó tutù, Ìyá mi."

Okùn já.

Mo kó gbogbo ewé dànù. Mo wá búlọ́ọ̀kù, mo tẹ́ pákó lé e, mo to páálí tó ṣẹ́kù àti ọ̀tun tí wọ́n gbé dé sórí rẹ̀, kí wọ́n má fara kan ilẹ̀, kí wọ́n má fara kan ògiri. Mo gbé àmù kúrò nítòsí. Mo so òwú funfun mọ́ èyí tó kọ́kọ́ dé, mo so pupa mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, n kò sì jẹ́ kí Dúpẹ́ fọwọ́ kan pupa nígbà tí funfun bá kù. Nínú dígí ṣọ́ọ̀bù, páálí òfìfo ni mo tò síbẹ̀. Kí oòrùn máa jẹ ìyẹn. Ẹni tó bá rà, n ó kìlọ̀ fún un: ẹ dé ọmọrí rẹ̀ le, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di gbagidi, ẹ má gbé e sójú fèrèsé, ẹ má jẹ́ kí ó bá síítófù gbé. Ọṣẹ ìfọyín tí ẹ bá gbé síbi tó tutù, tó gbẹ, tí ẹ ò ṣí, á ju ọdún kan lọ dáadáa. Wọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo ṣe é ni?"

Nígbà yẹn ni ìjọba yí ọ̀nà padà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọmọ Èkó dúró létí títì bí adìyẹ tí òjò pa. Dúpẹ́ ẹlẹ́nu mímú di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kétu, jọ̀ọ́, apá wo ni mọ́tò ti ń bọ̀?" Mo ní, "Apá tó yẹ kó ti máa bọ̀ látijọ́ ni." Mo fà á, a rékọjá. Mo tún padà lọ mú ìyá kan, mo tún mú àwọn ọmọ iléèwé. Lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni onílé, gbogbo wọn ni àlejò. Kò pẹ́ ṣá tí wọ́n fi kọ́ ọ. Mo wá ń rò ó pé bóyá ohun tí à ń pè ní ilé ò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ibi tí ọrùn rẹ ti ń yí sápá tó yẹ láìrò ó. Ní alẹ́, bí mo bá dùbúlẹ̀ sókè, tí páànù ṣì gbóná lójú mi, n kì í lè rò ó jìnnà.

Òjò wá dé.

Ọjọ́ náà, ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, omi ti wọlé. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, omi dé kókósẹ̀ mi nínú ìyẹ̀wù, ó ń pọ́n búlọ́ọ̀kù lọ sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí, ọ̀kan lórí, méjì láyà. Dúpẹ́ ti gba òjò dé láti ilé rẹ̀, ó ń pariwo, "Kó wọn lọ sókè jàre! Kí lò ń wò?"

Alhaja wà lórí bẹ́ẹ̀dì onírin gíga rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sókè. Ó ní, "Kétu, ṣé mo sọ fún ẹ àbí n kò sọ? Kó wọn lọ sókè."

Mo dúró nínú omi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà, n kò tíì fi "rárá" dá Alhaja lóhùn rí.

"Alhaja, ẹ dárí jì mí. Mi ò ní kó wọn lọ sókè. Bí òjò bá dá, tí oòrùn bá yọ, wọ́n kú nìyẹn."

"Ibo lo máa wá gbé wọn sí? Orí ẹ?"

"Títí omi á fi fà, mà."

Alhaja wò mí, ó wo páálí orí mi, ó pòṣé, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Ó fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì. "Kó wọn síbí. Olórí kunkun." Ó gun òkè lọ, ó ń ráhùn ní gbogbo ojú àtẹ̀gùn. A to ọṣẹ ìfọyín sórí ibùsùn Alhaja títí ó fi kún.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí òjò fi dá. Oòrùn yọ bí ẹni tó ń bínú, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ń rú èéfín. Èmi àti Dúpẹ́ ń gbọ́n omi. Alhaja ò sọ̀ kalẹ̀, a rò pé ó sùn ni.

Ìrọ̀lẹ́ ń bọ̀ nígbà tí a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gèlè ò sí lórí rẹ̀, bùbá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó di ògiri mú. Ó lọ síbi bẹ́ẹ̀dì, ó yọ ọṣẹ kan, ó bọ́ ọmọrí, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìka rẹ̀. Wọ́ọ́rọ́. Ó fi sẹ́nu, ó tutọ́ sínú omi tí à ń gbọ́n. Ó dé ọmọrí padà dáadáa.

"Kétu. Orí ẹní ẹ ni mo sùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibẹ̀ lo ti ń sùn látọjọ́ tó o ti dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ò sì sọ."

"Ẹ ò bi mí, mà."

Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, láàárín páálí. "Ọṣẹ bàjẹ́, gbogbo ọjà gbọ́. Odindi ọmọ ọlọ́mọ ń sè lókè, kò sẹ́nì kan tó bi í." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá òógùn ni. "Lọ di ẹrù ẹ."

Dúpẹ́ ju igbá ìgbọ́nmi sílẹ̀. "Alhaja! Wọn ò kúkú bàjẹ́!"

"Mo ní kó lọ di ẹrù ẹ̀, kó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Bí ìyẹ̀wù yẹn bá ti gbẹ, òun àti ọṣẹ ẹ̀ ni wọ́n jọ máa gbé ibẹ̀."

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, mo lọ jókòó ní posófíìsì Marina. Wọ́n fi okùn kan okùn. Ohùn ìyá mi dé láti ìsàlẹ̀ kànga. Ó kí mi, ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń béèrè mi. Mo ní kí ó sọ fún un pé mo ní pẹpẹ tèmi ní Èkó. Lẹ́yìn náà ló béèrè bó ṣe máa ń béèrè:

"Níbo lo ń sùn? Ṣé ibẹ̀ tutù?"

Mo kọ́kọ́ fojú inú rí ìyẹ̀wù náà, ògiri rẹ̀ tó nípọn, ẹní mi láàárín ọṣẹ. Mo gbọ́ okùn tó ń kùn láàárín wa.

"Ó tutù, Ìyá mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo wá gbà ọ́ gbọ́ wàyí," ló wí. "Lọ́jọ́sí, o yára dáhùn jù."